Orin Aláìsàn ní Tin-Abaraw

Àtẹ́wọ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń dánrawò fún àjọ̀dún lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún ni Asalama kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí gbogbo ọwọ́ bá ti dún pọ̀, ọ̀kan á tẹ̀lé e lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, á dún gbẹ bí awọ ewúrẹ́ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ó wo àwọn obìnrin náà lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ń pẹ́ nínú wọn. Ó dá orin dúró.

"Ta ló ń fà sẹ́yìn?"

Wọ́n wo ara wọn. Mina, ìyàwó alágbẹ̀dẹ, ló ń lu tende, odó tí wọ́n fi awọ bò lẹ́nu. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí awọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àṣé etí àwọn ọmọ ọlọ́lá náà máa ń di. Mo rò pé tiwa alágbẹ̀dẹ nìkan ni."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Asalama náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé orin padà. Àtẹ́wọ́ yẹn tún dún lẹ́yìn. Kò béèrè mọ́.

Kò sí àgọ́ kan ní gbogbo àfonífojì Tin-Abaraw tí wọn ò ti mọ Asalama. Bí àwọn ará òfìfo, àwọn tó ń gbé ibi tí kò sí ènìyàn, bá dé sára ẹnìkan, ẹni náà á dákẹ́, á kọ oúnjẹ, ojú rẹ̀ á sì máa wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Dókítà á tọ́jú rẹ̀ tì, àlùfáà á ṣàdúrà tì. Nígbà náà ni wọ́n á di ràkúnmí ní gàárì, wọ́n á lọ pe Asalama. Wọ́n á fi aṣọ dúdú bo aláìsàn lórí, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, Mina á lù, Asalama á kọrin. Àwọn ará òfìfo fẹ́ràn orin ju bí ràkúnmí ṣe fẹ́ràn iyọ̀ lọ. Wọ́n á sún mọ́ tòsí, orí aláìsàn á máa mì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ aṣọ, títí orin á fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á sì fi ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Ìyá Asalama ló fi orin náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Orin aláìsàn ni. Wọn kì í kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, wọn kì í sì í fi í rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ataher, àbúrò Asalama ọkùnrin, ló wá gbé orin náà dé orí pèpéle àjọ̀dún. Òun ni ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣètò. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà a máa rọ́ wá sí ẹsẹ̀ òkìtì yanrìn funfun tó wà ní Tin-Abaraw: onígìtá, akéwì, oníṣọ̀nà awọ, àwọn tó ń gun ràkúnmí yí àwọn obìnrin onílù ká. Àlejò á ti olú-ìlú wá, òyìnbó á ti òkè òkun wá, kámẹ́rà á pọ̀ ju ewúrẹ́ lọ. Ataher bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú àgọ́, ó po tíì fún un, ó ń da á láti òkè wá sílẹ̀ kó lè hó dáadáa, kò sì tètè sọ̀rọ̀. Asalama mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ wà nínú tíì náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ataher wí nígbà tó ya, "gbogbo ohun tí a ní la ti fi hàn wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ gìtá títí ó fi sú wọn. Ẹ bá wa kọ orin yẹn."

"Orin wo?"

Ó fi ọwọ́ tẹ́ yanrìn tó wà níwájú rẹ̀ pẹrẹsẹ. "Èyí tí ẹ mọ̀."

"Ara ta ni ò yá?"

"Ara gbogbo wa le. Eré ni. Ta ló máa mọ̀? Wọn ò gbọ́ èdè wa."

"Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ ńkọ́?"

Ó fa láwàní bo imú. "Àwọn obìnrin In-Tagat ti ní àwọn á ṣe é tí ẹ̀yin bá kọ̀."

Ibẹ̀ ló ti mú un. Lọ́dún tó kọjá, iwájú ni wọ́n fi àwọn obìnrin In-Tagat, àgọ́ tó ń bá wọn du orin, sí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ olórí wọn, òkè òkìtì yanrìn gba orúkọ náà ó dá a padà. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi Asalama sí, èéfín ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń kọrin. Kò ráhùn fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e mì bí ẹni gbé ẹ̀gún mì, ẹ̀gún náà sì ń bẹ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

"Iwájú ni ẹ óò fi wá sí?" ló béèrè.

"Iwájú pátápátá."

Gaisha ni wọ́n mú pé kó ṣe aláìsàn. Ọmọ Fadimata, àbúrò Asalama obìnrin, ni; ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú dé, tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí àbúrò ẹni bí, ọmọ ẹni náà ni. "Màmá" ló ń pe Asalama láti kékeré. Inú Gaisha dùn sí eré náà.

"Màmá, tí mo bá ń mi orí, ṣé kí n máa kérora díẹ̀díẹ̀?"

"Má kérora."

"Tí ẹ̀rín bá wá ń pa mí ńkọ́?"

"Inú aṣọ lo wà. Rín in síbẹ̀."

Mina nìkan ló fajú ro. "Wọ́n ní ojú kì í ti àwa alágbẹ̀dẹ," ló wí, ó ń rọ omi sí awọ tende. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí alágbẹ̀dẹ tó lọ ń kan ìlẹ̀kùn ẹni tí kò ní nǹkan tó fẹ́ bá a ṣe."

"Ṣé o ò ní lù ú ni?"

"Màá lù ú. Ìwọ lo ni orin. Ohun tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ìwọ lo ni ín."

Ọjọ́ pé. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n gun pèpéle, òkìtì yanrìn sì ti pupa rúsúrúsú. Àwọn àlejò jókòó lórí ẹní, àwọn mìíràn we láwàní bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo Gaisha, ó kúnlẹ̀ láàárín agbo. Mina lu tende lẹ́ẹ̀kan, àwọn obìnrin dáhùn, Asalama la ẹnu.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé orin náà kò dùn. Ohùn Asalama jáde lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ó ti ń dúró de ibẹ̀ láti ìgbà èwe. Gaisha ń mi orí, ó ń ṣe é dáadáa. Àwọn kámẹ́rà súnmọ́ iwájú. Ìgbà náà ni òórùn òjò wọ Asalama nímú, òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run, òjò sì jìnnà réré sí àsìkò yẹn.

Ó yíjú sósì. Obìnrin kan jókòó tì í tí kò mọ̀ rí. Aṣọ ẹ̀lú tó wọ̀ dúdú débi pé ó ń dán, aró rẹ̀ ti ran àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Eṣinṣin tó ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu kò bà lé e. Ó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti pa tiwọn.

Nígbà tí àwọn obìnrin ń gbe orin, Asalama rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ àgọ́ wo ni yín?"

"Ẹ pè mí," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ rọra ń jáde bí ti ẹni tó ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. "Mo sì jẹ́ ẹ. Aláìsàn dà?"

Ọkàn Asalama fò lọ sí In-Tagat. Ó rò pé àwọn ni wọ́n rán obìnrin náà wá, kó lè dìde láàárín agbo kó kígbe pé irọ́ ni, pé ara ọmọ yìí le, kí ojú lè ti òun níwájú gbogbo ayé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nítòsí wọn. Ó fi àgbọ̀n júwe Gaisha.

"Òun nìyẹn."

Obìnrin náà wo aṣọ dúdú tó ń mì. Ó wò ó pẹ́.

"Ara ọmọ yìí le."

"Ara rẹ̀ ò yá."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ní ara rẹ̀ ò yá. Èmi ni ìyá rẹ̀, èmi ni mo mọ̀."

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́."

Orin ti yí padà sọ́dọ̀ Asalama, ó gbà á, ó kọ ọ́ parí. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí Gaisha, ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí àwọn èrò, ẹ̀rín náà kò sì kúrò lójú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ìgbà tí ẹnìkan gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ pe orúkọ Asalama. Òkìtì yanrìn gbà á, ó dá a padà. Ohun tó ti ń fẹ́ láti ọdún kan ló dé yìí, kò sì rí adùn nínú rẹ̀. Ó wo òsì rẹ̀. Yanrìn tó bo etí pèpéle níbẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí èyí tí afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Kò sí ojú ìjókòó ẹnikẹ́ni.

Kò sọ fún ẹnìkan.

Ní ọjọ́ kejì, Gaisha ní òun ò jẹun. Fadimata ní oòrùn ló pa á. Nígbà tí àwọn àlejò ń ká àgọ́ wọn, ọmọ náà jókòó sẹ́nu àgọ́, ojú rẹ̀ wà lára òkìtì yanrìn, ìyá rẹ̀ pè é, kò dáhùn. Kí àwọn ọkọ̀ tó kó èrò lọ tán, gbogbo àgọ́ ti mọ irú àìsàn tó jẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Wọ́n pe Asalama. Ta ni wọn ì bá tún pè? Wọ́n bo ọmọ lórí, Mina lù, Asalama kọrin. Orin náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi tí ènìyàn dà sórí yanrìn ló rí, kò dúró níbì kan. Orí Gaisha kò mì. Ó jókòó sínú aṣọ bí òkúta. Wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ọmọ náà ń rù, egungun ọwọ́ rẹ̀ ń yọ.

Fadimata kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí. Ataher ló dojú kọ.

"Ìwọ lo gbé ọmọ mi lọ fi ṣeré fún òyìnbó," ló ń sọ fún un lójú gbogbo èèyàn, láìgbé ohùn sókè. "Ìwọ lo pe ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè. Fi láwàní rẹ bojú dáadáa, mi ò fẹ́ rí ọ."

Ataher fa láwàní bojú. Ó tẹrí ba. Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, kò bá wọn jẹun mọ́. Asalama jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bú àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi eyín dè é mọ́lẹ̀.

Ohun tó wá dùn ún jù ni wàrà. Ràkúnmí kan ṣoṣo ló ń sun wàrà lágọ̀ọ́ Fadimata nígbà náà. Láàárọ̀, kí ó tó fún ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, kí òun fúnra rẹ̀ tó fi kan ẹnu, á kọ́kọ́ gbé igbá wá bá Asalama, á kúnlẹ̀.

"Ẹ mu ún, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ohùn yín lè là."

Asalama á gbà á, á mu ún. Wàrà gbígbóná á sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, ojú á tì í débi pé kò ní lè wo ọwọ́ tó gbé igbá náà wá.

Mina ló bá a níbi tó ti ń ṣa igi. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni mo wà lórí pèpéle," ló wí. "Odó ò di mí létí. Mo gbọ́ tí o ní, 'Òun nìyẹn.' Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Igi bọ́ lọ́wọ́ Asalama. "Ṣé o ò rí i ni?"

"Èmi ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ ni mo rí."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹnu mi kọ́ ló ti jáde. Ibi tó ti jáde náà ló gbọ́dọ̀ gbà padà." Mina dìde, ó gbọn yanrìn kúrò láṣọ. "Ọmọ yẹn ò ní rí oṣù tuntun, Asalama. Ìwọ náà mọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Asalama ní kí wọ́n pe gbogbo obìnrin, kí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ataher ní kànga. Wọ́n bo Gaisha lórí. Mina gbé tende sí àárín itan. Asalama dìde dúró, ohun tí olórin kì í ṣe, ó sì sọ ọ́: obìnrin aláṣọ ẹ̀lú, ìbéèrè rẹ̀, bí òun ṣe rò pé ará In-Tagat ni, bí òun ṣe fi àgbọ̀n júwe ọmọ. "Ó ní ara ọmọ le. Èmi ni mo ní kò le. Mo sọ ọ́ títí ó fi gbà. Nítorí kí wọ́n lè pe orúkọ mi nínú ẹ̀rọ."

Lókèèrè, Ataher tú láwàní lójú díẹ̀, bí ẹni tí èémí kò tó fún.

Fadimata ló sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yìn yín ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ yín. Ẹ ní, 'Èmi ni ìyá rẹ̀, èmi ni mo mọ̀.' Mo rò pé eré ni, mo rẹ́rìn-ín." Ó wo ilẹ̀. "Ọmọ mi ni ẹ fà lé wọn lọ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín sí i."

"Fadimata."

"Ẹ má pè mí. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún."

Asalama jókòó. Mina lù. Ohùn tó jáde lọ́jọ́ náà kò dùn, ó há, ó ń já lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin sì ń gbé e bí ẹni ń gbé arọ. Níbi tí orin bá ti yí, ó ń sọ ọ́ sí ọwọ́ òsì rẹ̀, sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí: "Ara rẹ̀ le. Irọ́ ni mo pa. Ara rẹ̀ le, ẹ dá a padà." Ó ń sọ ọ́ kí ọkùnrin gbọ́, kí ọmọdé gbọ́. Ó ti ń sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà kò fi jọ ọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí orí Gaisha yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà ti ṣubú síwájú, òógùn bò ó. Ó ní òun fẹ́ mu wàrà.

Báyìí ni Gaisha ṣe yè. Ataher padà sí àgọ́. Fadimata kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, kò bú u. Ó kàn ń kí i bí ẹni ń kí àlejò tó ń kọjá lọ, ìkíni tó pé, tó mọ́, tí kò ní nǹkan kan nínú. Igbá wàrà kò yà sí ọ̀dọ̀ Asalama mọ́. Nígbà tí wọ́n tún wá di ràkúnmí wá pè é nítorí aláìsàn, ó ní kí wọ́n lọ bá àwọn obìnrin In-Tagat.

Ìgbà tí ooru ti mú, Gaisha wá bá a níbi tó ti ń gún ọkà jéró. Ara ọmọ náà ti sanra padà. Ó gba ọmọrí odó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gún un, kò sì rín ẹ̀rín bí ti tẹ́lẹ̀.

"Màmá, mi ò tíì sọ ibi tí mo lọ fún ìyá mi. Kò béèrè. Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́?"

Asalama kò lè ní òun ò fẹ́ gbọ́.

"Ibẹ̀ tẹ́jú. Kò sí òkìtì, kò sí igi. Àwọn ọmọbìnrin jókòó síbẹ̀ lọ títí, aṣọ dúdú wà lórí kálukú wọn. Wọ́n bi mí pé ta ló rán mi wá. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní kí n jókòó, pé ìyá ló rán àwọn náà."

Asalama fi ọwọ́ di ẹnu odó mú. Gaisha dúró kí Asalama gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Ọ̀kan nínú wọn ní kí n kí yín. Ó mọ̀ yín ní kékeré. Takama ni wọ́n ń pè é."

Lágọ̀ọ́ wọn, wọn kì í dá orúkọ òkú. Ọdún tí Takama, ẹ̀gbọ́n Asalama obìnrin, dákẹ́ tí kò jẹun mọ́, tí ìyá wọn fi orin wò ó títí kò san, Fadimata àti Ataher kò tíì dé ayé. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni orúkọ náà ti kúrò lẹ́nu gbogbo èèyàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán, ó ku Asalama nìkan. Kò dárúkọ ọ̀hún rí, kódà nínú àdúrà.

Ó fa etí ìborùn rẹ̀ bo ẹnu bí ọkùnrin tó we láwàní.

"Ìyá rẹ̀ náà ló rán an?"

"Ó ní ibi ìgbéyàwó kan ni. Wọ́n ń fi orin ṣeré fún àwọn àlejò." Gaisha gbé ọmọrí odó sókè, kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti lọ sí ọ̀nà òkìtì yanrìn. "Tí mo bá tún débẹ̀, Màmá, ṣé kí n bá yín kí i padà?"